ÒTÚTÙ ÀYÀ ÀGÙNTÀN ÀTI EWÚRẸ́: Ohun tí Ń Fà Á, àti Bí Àgbẹ̀ Kòkó Ṣe Lè Dènà Rẹ̀



Kò sí ẹni tí ń gbin kòkó tí kò mọ̀ pé àkókò kan ń bẹ nínú ọdún tí owó kì í sí lọ́wọ́. A ti ná owó ìkórè ńlá tán, kòkó tuntun kò sì tíì pọ́n lórí igi. Síbẹ̀ owó ilé-ìwé ọmọ kì í dúró de ìkórè, bẹ́ẹ̀ ni àìsàn kì í béèrè àyè kí ó tó wọlé. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, ewúrẹ́ àti àgùntàn tí ń jẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé ni àgbẹ̀ ń nawọ́ mú. Àwọn ni àpótí owó rẹ̀. Nítorí náà, àrùn tí ó lè sọ agbo ẹran di òfo láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kì í ṣe ọ̀ràn ẹran nìkan. Ọ̀ràn ilé ni.

Nípa irú àrùn bẹ́ẹ̀ ni ìwé kékeré yìí ń sọ, èyí tí à ń pè ní òtútù àyà. A fẹ́ kí ẹ mọ ohun tí ń fà á gan-an, nítorí ẹni tí kò mọ ọ̀nà tí olè ń gbà wọlé kò lè mọ ilẹ̀kùn tí yóò tì.

I. ÒTÚTÙ NÌKAN KỌ́ NI Ó Ń PA ẸRAN

Orúkọ tí àrùn yìí ń jẹ́ ní èdè wa a máa tàn wá jẹ díẹ̀. Nítorí pé òtútù àyà ni à ń pè é, ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé òjò tàbí ọyẹ́ ni ó pa ẹran náà. Lóòótọ́, òtútù a máa dín agbára ara ẹran kù, ṣùgbọ́n òtútù nìkan kò tó. Bí ó bá tó ni, gbogbo agbo ni ì bá máa kú ní gbogbo ọdún tí ọyẹ́ bá dé. Ohun tí ń pa wọ́n ni àwọn kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí, tí wọ́n wọ inú ẹ̀dọ̀fóró lọ, tí wọ́n sì sọ ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà di ibi tí omi àti ọyún kún. Ẹran tí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ bá ti rí bẹ́ẹ̀ dàbí ẹni tí ń rì sínú omi lórí ilẹ̀ gbígbẹ.

Oríṣi méjì pàtàkì ni àwọn kòkòrò náà: bakitéríà ni èkíní, fáírọ́ọ̀sì ni èkejì. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín wọn kì í ṣe ohun àjèjì sí àgbẹ̀ kòkó. Ẹ mọ àrùn tí ń sọ èso kòkó di dúdú ní ìgbà òjò. Bí ẹ bá tètè fọ́n oògùn sí i, ẹ lè dá a dúró. Ẹ sì mọ àrùn tí ń mú kí ẹ̀ka kòkó wú. Fáírọ́ọ̀sì ni ó ń fà á, kò sí oògùn tí a lè fọ́n sí i tí yóò wo igi náà sàn, àfi kí a gé e kí ó má baà ran àwọn yòókù. Bákan náà ni ó rí nínú ẹran. Oògùn ń bẹ tí ń pa bakitéríà bí a bá tètè lò ó. Ṣùgbọ́n kò sí oògùn tí ń pa fáírọ́ọ̀sì tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí nígbà tí ó bá ti wọ ara ẹran. Ìdènà nìkan ni a ní.

II. BAKITÉRÍÀ: ÀLEJÒ TÍ Ń GBÉ INÚ IMÚ

Ohun kan ń bẹ tí yóò ya yín lẹ́nu: àwọn bakitéríà tí ń fa òtútù àyà kì í sábà ti òde wá. Inú imú àti ọ̀nà ọ̀fun àgùntàn tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá ni wọ́n ń gbé. Orúkọ tí àwọn ọ̀mọ̀wé fún méjì nínú wọn ni Mannheimia haemolytica àti Pasteurella multocida. Orúkọ Louis Pasteur, ọ̀mọ̀wé ará Faransé nì, ni a fi sọ èkejì. Ìkẹta ni Mycoplasma ovipneumoniae, èyí tí ń ba àwọn irun wẹ́wẹ́ inú ọ̀nà èémí jẹ́. Irun wọ̀nyí ni ìgbálẹ̀ tí ń gbá eruku àti ìdọ̀tí kúrò kí wọ́n má baà dé inú ẹ̀dọ̀fóró. Bí ìgbálẹ̀ bá ti bàjẹ́, ìdọ̀tí yóò wọlé.

Níwọ̀n ìgbà tí ara ẹran bá le, àwọn àlejò yìí kì í ṣe é ní ibi kankan. Ṣùgbọ́n bí ìyà bá jẹ ẹ́, wọn a pọ̀ sí i lójijì, wọn a sì sọ̀kalẹ̀ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ìyà náà lè jẹ́ ìrìn àjò gígùn nínú ọkọ̀, ebi, òùngbẹ, eruku, òjò tí ó pa á mọ́jú, tàbí ilé ẹran tí ó há, tí òórùn ìtọ̀ sì ń ta ni nímú. Nígbà mìíràn ẹran a jẹun ní àṣálẹ́, a ó sì bá òkú rẹ̀ ní òwúrọ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni àwọn ará ilé ń rò pé wọ́n fi májèlé pa á, tí ìjà sì ń ti ibẹ̀ dé láàárín aládùúgbò.

III. FÁÍRỌ́Ọ̀SÌ: ÀRÙN KATA

Èyí tí ó burú jùlọ nínú àwọn fáírọ́ọ̀sì tí ń ba ẹ̀dọ̀fóró ẹran jẹ́ ní ilẹ̀ wa ni èyí tí àwọn ènìyàn ń pè ní kata. Orúkọ rẹ̀ ní ìlú òyìnbó ni peste des petits ruminants, èyí tí a gé kúrú sí PPR. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni àjàkálẹ̀ àrùn àwọn ẹran kéékèèké tí ń jẹ àpọ̀jẹ. Ìbátan ni ó jẹ́ sí fáírọ́ọ̀sì èèyí tí ń ṣe àwọn ọmọdé, ṣùgbọ́n kì í ran ènìyàn rárá.

Ní 1942 ni àwọn òyìnbó Faransé méjì, Gargadennec àti Lalanne, kọ́kọ́ kọ ìwé nípa rẹ̀ ní ilẹ̀ Côte d'Ivoire. Ní 1967 ni àwọn oníṣègùn ẹran tẹ ìròyìn jáde nípa àrùn kan tí ń ba ẹnu, ẹ̀dọ̀fóró àti ìfun àwọn ewúrẹ́ kúkurú ìhà gúúsù Nàìjíríà jẹ́ pọ̀. Ìwádìí àwọn ọdún 1970 ni ó fi hàn gbangba pé kata wa yìí àti àrùn tí àwọn Faransé rí jẹ́ ọ̀kan náà.

Àwọn ewúrẹ́ kúkurú ilẹ̀ wa ni ó ń bá jà jùlọ. Àgùntàn a máa fara dà á díẹ̀ ju ewúrẹ́ lọ. Àwọn ọmọ ẹran tí wọ́n ti lé ní oṣù 4, tí agbára tí wọ́n jogún nínú wàrà ìyá wọn sì ti tán, ni ó ń kú jùlọ. Ẹran tí ó bá là á já kì í tún ní in mọ́ ní ọjọ́ ayé rẹ̀.

IV. BÍ ÀWỌN MÉJÈÈJÌ ṢE Ń RAN ARA WỌN LỌ́WỌ́

Àwọn baba wa ní, bí ògiri kò bá lanu, alángbá kò lè wọ inú rẹ̀. Nínú òwe yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ òtútù àyà wà. Fáírọ́ọ̀sì ni ó ń la ògiri. Bakitéríà ni alángbá tí ń wọlé.

Nígbà tí kata bá wọ ara ẹran, àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, àwọn tí ń bá kòkòrò jà, ni ó kọ́kọ́ ń pa. Lẹ́yìn náà ni ó ń bó awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó bo inú ẹnu, ọ̀nà èémí àti ìfun. Nígbà náà ni àwọn bakitéríà tí ti ń gbé inú imú láti ọjọ́ pípẹ́ yóò rí i pé kò sí olùṣọ́ mọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Ìdí nìyí tí àgbẹ̀ fi máa ń sọ pé, “Mo fún un ní abẹ́rẹ́, ó sì tún kú.” Abẹ́rẹ́ náà lè pa alángbá, ṣùgbọ́n kò lè di ògiri. Ẹni tí ó bá fẹ́ gba agbo rẹ̀ là ní láti ṣọ́ ògiri kí ó tó lanu.

V. Ọ̀NÀ TÍ ÀRÙN Ń GBÀ LÁTI ÈKÓ DÉ OKO

Ẹ lè béèrè pé kí ni ó kan ẹni tí oko rẹ̀ wà ní Ilé-Olújìí tàbí Iléṣà pẹ̀lú ẹran tí ń wú ikọ́ ní Mushin. Ó kàn yín gidigidi. Ọ̀pọ̀ yín ni ó ní ọmọ tàbí àbúrò ní Yaba, Sùúrùlérè tàbí Mushin, ojú ọ̀nà tí kòkó sì ń gbà lọ sí Èkó ni ẹran ń gbà bọ̀.

Ó ti pẹ́ tí ẹran òkè ọya ti ń wọ ìhà yìí. Ojú irin tí ó bẹ̀rẹ̀ láti Ìdó, tí ó gba Yaba àti Mushin kọjá, dé Ìbàdàn ní 1901, kí ó sì tó di òpin 1912 ó ti dé Kano. Lónìí, ọkọ̀ akẹ́rù ni ó ń kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wọn. Bí ọdún Iléyá bá ti ń súnmọ́, àwọn àgbò Yankasa, Uda àti Balami yóò kún inú ọkọ̀, ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, wọn yóò sì rin nǹkan bí 1,000 kìlómítà nínú eruku àti oòrùn. Ẹran láti ọjà mẹ́wàá ni ó ń pàdé nínú ọkọ̀ kan. Ọ̀kan ṣoṣo tí ó bá ní kata nínú wọn tó láti ran àwọn yòókù, nítorí èémí, ikun imú àti itọ́ ni àrùn náà ń gbà, àti korobá omi tí gbogbo wọn ń ti ẹnu bọ̀.

Nígbà tí wọ́n bá dé Èkó, wọn a tú wọn ká. A ó so òmíràn mọ́ ẹ̀gbẹ́ gọ́tà ní Mushin, níbi tí ewúrẹ́ onílé àti ti àlejò ti ń jẹ èèpo iṣu pọ̀. Òmíràn yóò wà ní àgbàlá ní Yaba títí di ọjọ́ ọdún. Àwọn tí ó fẹ́ràn àgbò títọ́ a sì máa kó tiwọn jọ sí ojú kan ní Sùúrùlérè kí wọ́n lè kàn, kí a mọ èyí tí ó lágbára jù. Níbi gbogbo wọ̀nyí ni imú ti ń kan imú.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a wo bàbá kan tí ó wá ṣe ọdún lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀. Wọ́n ra àgbò méjì, wọ́n pa ọ̀kan, ọmọ sì ní kí bàbá mú èkejì lọ sí oko kí ó máa fi gun àwọn abo àgùntàn. Àgbò náà sanra, ojú rẹ̀ mọ́, ó ń jẹun. Bàbá sì dà á pọ̀ mọ́ agbo ní alẹ́ ọjọ́ tí ó délé. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí kata bá ti wọ ara ẹran, ó sábà máa ń tó ọjọ́ 4 sí 6 kí àmì kankan tó hàn, nígbà mìíràn ó ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ikọ́ àkọ́kọ́ tó dún, ó ti bọ́ fún bàbá náà láti ṣọ́ ògiri. Kì í ṣe òjò ni ó pa agbo rẹ̀. Ẹ̀bùn ọmọ rẹ̀ ni, tí a kò yà sọ́tọ̀.

VI. OHUN TÍ ÀGÙNTÀN IGBÓ FI KỌ́ WA

Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan ni èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ní orí òkè Rocky, ní ìhà ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà, irú àgùntàn igbó kan ń bẹ tí ìwo rẹ̀ tóbi, tí ó sì ká kọ́rọ́bọ́tọ́. Ara àwọn àgùntàn ilé ti mọ Mycoplasma tí a dárúkọ lókè. Wọ́n ń gbé e kiri láìṣàìsàn púpọ̀. Ṣùgbọ́n àgùntàn igbó kò mọ̀ ọ́n rí. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ṣe alábàápàdé àgùntàn ilé, a gbé àrùn náà padà lọ sí orí òkè, òtútù àyà a sì pa púpọ̀ nínú agbo. Àwọn abo tí kò kú a máa gbé kòkòrò náà sínú imú, wọn a sì kó o ran àwọn ọmọ wọn, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọmọ yóò máa kú ní ọdún púpọ̀ tẹ̀léra.

Àwọn olùtọ́jú ẹran igbó níbẹ̀ kò ní abẹ́rẹ́ àjẹsára tí ó lè dá àrùn yìí dúró. Ohun tí wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé ni jíjìnnà: wọn kì í fẹ́ kí àgùntàn ilé jẹ̀ nítòsí ti igbó. Bí àgbò igbó kan bá sì ṣìnà wọ inú agbo ilé, wọn a máa pa á nígbà mìíràn kí ó má baà padà sọ́dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Kata pẹ̀lú kò dá igbó sí. Ní ìparí 2016 títí wọ 2017, ó kúrò lára ẹran ọ̀sìn ní ilẹ̀ Mòǹgólíà, ó sì pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹran igbó tí à ń pè ní saiga ní pápá ilẹ̀ náà. Nítorí náà, bí òfin jíjìnnà bá wúlò fún àwọn tí agbo wọn tàn ká orí òkè, mélòómélòó ni fún ẹ̀yin tí ẹ lè fi ìgànná kan ya ẹran kan sọ́tọ̀?

VII. ÀMÌ TÍ Ẹ Ó FI MỌ̀ Ọ́N

Ibà líle ni ó ń kọ́kọ́ dé. Ìwọ̀n ooru ara a máa tó 40 sí 41 lórí ìwọ̀n Sẹ́ńtígíréèdì. Ẹran yóò dá dúró, irun rẹ̀ yóò ta, kò ní jẹun. Omi yóò máa ti ojú àti imú rẹ̀ jáde. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ yóò ki, yóò sì lẹ ojú àti ihò imú pọ̀. Egbò yóò yọ nínú ẹnu, òórùn burúkú yóò sì máa ti ibẹ̀ wá. Ìgbẹ́ gbuuru yóò tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ikọ́ àti mímí gúlegúle. Ọ̀pọ̀ ń kú láàárín ọjọ́ 5 sí 10 lẹ́yìn tí ibà bẹ̀rẹ̀.

Bí ikọ́ àti ibà bá wà láìsí egbò ẹnu àti láìsí ìgbẹ́ gbuuru, ó lè jẹ́ bakitéríà nìkan, oògùn sì lè gbà á là. Bí gbogbo rẹ̀ bá pé, tí ẹran púpọ̀ sì ń ṣàìsàn pọ̀, ẹ fura sí kata, kí ẹ sì ránṣẹ́ sí oníṣègùn ẹran ní ọjọ́ náà gan-an. Àìtètè mólè, olè ń mólóko.

VIII. OHUN TÍ Ó YẸ KÍ Ẹ ṢE

1. Ẹ ya ẹran tuntun sọ́tọ̀ fún ọjọ́ 21. Ìbáà ti Mushin wá, ìbáà ti ọjà ìtòsí wá, ìbáà sì jẹ́ ẹ̀bùn. Kí ó ní korobá omi tirẹ̀ àti oúnjẹ tirẹ̀, kí ó jìnnà tó bẹ́ẹ̀ tí imú kò fi ní kan imú. Ẹ bọ́ àwọn ẹran ilé kí ẹ tó bọ́ tuntun, kí ẹ sì fọ ọwọ́ lẹ́yìn rẹ̀.

2. Ẹ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára kata fún agbo yín. Ẹran tí ó ní àrùn ní Nàìjíríà ní 1975 ni a ti mú irú fáírọ́ọ̀sì tí à ń pè ní Nigeria 75/1. Ní 1989, Adama Diallo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé nípa bí wọ́n ti sọ ọ́ di aláìlágbára tí kò lè ṣe ibi mọ́, tí ó sì ń kọ́ ara ẹran ní ogun jíjà. Abẹ́rẹ́ kan a máa dáàbò bo ẹran fún ọdún 3, ó kéré tán. Ilé-ìwádìí àrùn ẹran ti ìjọba àpapọ̀ ní Vom, nítòsí Jos, èyí tí a dá sílẹ̀ ní 1924, wà lára àwọn tí ń ṣe é. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ tí ó ti pé oṣù 4, kí ẹ sì gbà á kí àkókò Iléyá tó dé, nígbà tí ẹran kò tíì máa rìn kiri. Ooru a máa ba abẹ́rẹ́ yìí jẹ́. Bí ẹni tí ó mú un wá kò bá gbé e sínú yìnyín, ẹ má ṣe gbà á.

3. Ẹ tún ilé ẹran ṣe. Kí òrùlé má jò, kí afẹ́fẹ́ lè kọjá lókè, kí ilẹ̀ gbẹ. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀, tí òórùn ìtọ̀ sì ta yín nímú, ẹ mọ̀ pé ó ń ba ọ̀nà èémí ẹran jẹ́.

4. Ẹ yọ aláìsàn kúrò láàárín agbo lójú kan náà, kí ẹ sì jẹ́ kí oníṣègùn ẹran yan oògùn. Oògùn bí oxytetracycline a máa ṣiṣẹ́ bí a bá tètè lò ó. Ṣùgbọ́n penicillin kò lè pa Mycoplasma, nítorí kòkòrò náà kò ní èèpo ara tí penicillin ń bá jà. Ẹ béèrè iye ọjọ́ tí ó gbọ́dọ̀ kọjá kí a tó lè jẹ ẹran tí a fún ní oògùn.

5. Ẹ gbẹ́ kòtò jíjìn sin òkú ẹran. Ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ilé rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí oòrùn là á. Fáírọ́ọ̀sì yìí kì í pẹ́ láyé lẹ́yìn tí ó bá ti kúrò lára ẹran.

IX. OHUN TÍ KÒ YẸ KÍ Ẹ ṢE

Ẹ má ṣe rọ epo pupa tàbí àgbo sí ẹnu ẹran tí ń mí gúlegúle. Kò ní agbára láti gbé e mì dáadáa. Ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró ni yóò gbà, ohun tí a fi ṣe ìwòsàn ni yóò sì pa á.

Ẹ má ṣe tú oògùn oníhóró ti ènìyàn sínú omi fún un. Ìwọ̀n rẹ̀ kì í tó, kòkòrò tí kò bá sì kú nínú rẹ̀ yóò mọ bí a ti í fara da oògùn náà.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ má ṣe kó ẹran tí ń wú ikọ́ lọ sí ọjà kí owó má baà ṣòfò. A mọ̀ pé ìdánwò náà tóbi. Ṣùgbọ́n ẹran tí ẹ tà ní òní ni aládùúgbò yín yóò rà, ikọ́ rẹ̀ yóò sì gba ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ padà sí tiyín.

Ẹ̀yin àgbẹ̀, ohun tí à ń sọ yìí kì í ṣe àlá. Àrùn ńlá tí ń pa màlúù ní ayé àtijọ́, ìbátan kata tímọ́tímọ́, ti parẹ́ pátápátá. Ní 2011 ni gbogbo àgbáyé kéde pé ó ti tán. Abẹ́rẹ́ àjẹsára àti yíyà sọ́tọ̀ ni ó pa á. Ní 2015, ní Abidjan, àjọ àgbáyé fún oúnjẹ àti ọ̀gbìn pẹ̀lú àjọ àgbáyé fún ìlera ẹran pinnu láti pa kata náà rẹ́ kí ó tó di 2030. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ní Abidjan ni iṣẹ́ náà yóò ti parí. Ẹnu ọ̀nà agbo yín ni, ní alẹ́ ọjọ́ tí àgbò tuntun bá sọ̀kalẹ̀ láti inú ọkọ̀ Èkó, tí ẹ sì mú okùn, tí ẹ so ó mọ́ igi tí ó dá dúró lọ́tọ̀.